Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́ Àlejò

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà n'Ìbàdàn, àlejò kì í gbálẹ̀. Bí ó bá jí ní kùtùkùtù tó nawọ́ mú ìgbálẹ̀, ìyá ilé á sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fáwọn ọmọ." Omi tútù ni ti àlejò, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ni ti àlejò, àga tó rọ̀ jù nínú yàrá ni ti àlejò. Àwọn àgbà tiẹ̀ ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ràn ọ̀wọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ààlà kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a kò lè rán níṣẹ́, tí a kò lè bá wí, ẹni tí a mọ̀ pé yóò di ẹrù rẹ̀ lọ́la, kò tíì di ara wa. Ọmọ ilé nìkan là ń fún ní ìgbálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń rò kiri láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Jàpáànù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Matsue ni mo ń gbé, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Shimane, ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, níbi tí adágún Shinji ti tẹ́ rẹrẹ lẹ́bàá ìlú, tí ilé olódi àwọn ìjòyè àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1611, ṣì dúró lórí òkè rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti gba ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní JET débí. Ní 1987 tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ 848 ló wá, láti Amẹ́ríkà, Bírítéènì, Australia àti New Zealand. Iṣẹ́ wa kò le láti ṣàlàyé: a ó dúró ti olùkọ́ ọmọ onílẹ̀, a ó ka ìwé sókè kí àwọn ọmọ lè gbọ́ bó ṣe ń dún, a ó bá wọn ṣeré, a ó bá wọn sọ̀rọ̀. Láti 2020, èdè Gẹ̀ẹ́sì ti di ẹ̀kọ́ gidi tí wọ́n ń fún ní máàkì láti ọdún karùn-ún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni àdéhùn iṣẹ́ wa, kò sì lè ju ọdún márùn-ún lọ. Ní ti ìwé, nígbà náà, àlejò ni mí, àlejò ni n ó sì jẹ́.

Àmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, orin á bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri. Kò sẹ́ni tó ń pariwo, kò sẹ́ni tó mú pàṣán lọ́wọ́. Àwọn ọmọ á ti àga àti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì dà síbi iṣẹ́. Àwọn kan ń gbá kíláàsì, àwọn kan ń nu pátákó, àwọn kan ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ á tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ àkísà tútù, wọ́n á gbé ìdí sókè, wọ́n á sì sáré tì í láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ènìyàn ti ń bọ́ bàtà ìta sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàtà inú ilé, nítorí náà ilẹ̀ tí wọ́n ń nù mọ́ bí ilẹ̀ yàrá. Olùkọ́ ìṣirò wà níbẹ̀ pẹ̀lú garawa. Igbákejì ọ̀gá wà níta, ó ń fa koríko. Nínú ìwé ìpín iṣẹ́ tó wà lára ògiri, wọ́n kọ orúkọ mi síwájú àtẹ̀gùn apá ìlà-oòrùn, èmi àti ọmọ mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí kì í la ẹnu rẹ̀ nínú kíláàsì mi, ló fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fún àkísà kí omi má kán sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ẹ po kí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ṣiṣẹ́. Kò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kò sì fi ìtìjú sọ ọ́. Iṣẹ́ tí a jọ ní láti parí ló ń bá mi sọ.

Mo mọ ìgbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kí n tó débí. Ta ló kàwé ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n? A gbá kíláàsì, a pọn omi, a gé koríko. Ṣùgbọ́n gígé koríko ni ìyà ẹni tó pẹ́ dé, fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìyà ẹni tó pariwo, àwọn ọmọ kíláàsì òkè á sì dúró máa pàṣẹ nígbà tí àwọn kékeré bá tẹ̀ba. Ohun tí a kọ́ wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹnu sọ ọ́ ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń ga sí i ni ìgbálẹ̀ yóò máa jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá dàgbà tán, ẹlòmíràn ni yóò máa gbá a fún wa. Èmi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Jàpáànù kò mọ àgbà lágbà. Ọmọ ọdún kejì ń tẹrí ba fún ọmọ ọdún kẹta níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá àgbà sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá dé ibẹ̀ yóò mọ̀ pé òun wà láàárín àwọn tó mọ ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò kì í gba àkísà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti ro òwe yìí títí lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó dà bíi pé ilé ẹ̀kọ́ yìí ti yọ ẹrú kúrò nínú iṣẹ́ náà pátápátá. Bí ọ̀gá bá ń ṣe é, tí olùkọ́ ń ṣe é, tí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà jọ ń ṣe é, iṣẹ́ ẹrú dà?

Bákan náà ni oúnjẹ ọ̀sán rí. Ìlú Tsuruoka ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lóúnjẹ, ní 1889, nínú ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà dá sílẹ̀ fún ọmọ aláìní. Òfin tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ náà jáde ní 1954. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń dé fìlà funfun, tí wọ́n sì ń bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á ti kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ kó lè dá a lójú pé kò ní pa ọmọ kankan lára. Kò sí ẹran àlejò nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n bù fún ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n bù fún mi, pẹ̀lú wàrà inú páálí kékeré.

Ìgbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ yìí ni fíìmù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Miyazaki Hayao ló ṣe é ní 2001, Sen to Chihiro no Kamikakushi, èyí tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 2003. Chihiro, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá, bá àwọn òbí rẹ̀ ṣìnà wọ ìlú àwọn ẹ̀mí. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò fún wọn, wọ́n sì di ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ náà kò ní ìbọn, kò ní oògùn, kò ní ọfọ̀. Àkàrà-ògùn inú ìwé tí Fágúnwà kọ ní 1938 fi agbára ọdẹ àti agbára oògùn wọ igbó irúnmọlẹ̀; Chihiro kò ní nǹkan kan ju pé kó bẹ onílé ìwẹ̀ àwọn òrìṣà ibẹ̀ pé kó fún òun níṣẹ́. Ní ìlú yẹn, ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ á di ẹranko. Wọ́n fún un ní àkísà, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, ó gbé ìdí sókè, ó sáré, àwọn tó kù sì yára jù ú lọ. Nígbà tí mo wò ó ní Lọ́ńdọ̀nù, mo rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ní Matsue ni mo tó rí i pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gbà á sílé.

Iye kan wà tó san, ṣá o. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní orúkọ kúkurú, Sen. Bí ó bá gbàgbé orúkọ àkọ́kọ́, kò ní lè padà sílé láéláé. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìmọ̀ inú fíìmù náà jìn: ó ní kí àjèjì gba iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ọwọ́ rẹ̀, kó sì di orúkọ rẹ̀ mú pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀. Èkíní láìsí èkejì, ìsìnrú ni. Èkejì láìsí èkíní, ìbẹ̀wò lásán ni.

Gbogbo ayé ló rí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkísà yìí ní Qatar ní 2022, nígbà tí àwọn ọmọ Jàpáànù tó wá wo Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé dúró sẹ́yìn ní pápá láti ṣa ìdọ̀tí, kódà lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín Qatar àti Ecuador tí kò kan orílẹ̀-èdè wọn. Láti 1998 tí Jàpáànù ti kọ́kọ́ lọ sí ìdíje náà ní Faransé ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó wò ó lórí amóhùnmáwòrán yìn wọ́n bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹni tó bá ti bá àwọn ọmọ nu àtẹ̀gùn mọ̀ pé wọn kò ro ìyìn rárá. Ibi tí ènìyàn ti jókòó ni, ó sì tọ́ kó mọ́ kí ó tó dìde níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ àjèjì ló ti wà ní Matsue ṣáájú mi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, Lafcadio Hearn dé ìlú yìí láti kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Erékùṣù Lefkada ní Gíríìsì ni wọ́n ti bí i ní 1850, Ireland ló dàgbà sí, Amẹ́ríkà ló ti ṣe oníròyìn, ojú ọ̀tún nìkan ló sì fi ń ríran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1891, Koizumi Setsu wọ ilé rẹ̀ láti máa bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ọmọ ìdílé jagunjagun ni Setsu, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà, ìdílé náà sì ti di aláìní. Ó di aya rẹ̀. Lálaalẹ́ ló ń sọ ìtàn iwin àti òkú fún un, ní èdè Jàpáànù kan tó rọrùn tí àwọn méjèèjì jọ gbé kalẹ̀ fún ara wọn, Hearn sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ní 1896 ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú orúkọ Koizumi Yakumo. Ìwé ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù, Kwaidan, jáde ní 1904, ọdún náà ló sì kú.

Nígbà tí NHK, ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán Jàpáànù, bẹ̀rẹ̀ eré àràárọ̀ wọn, Bakebake, ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2025, ẹnu gbogbo Matsue kò kúrò lórí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń gbà, láti 1961 ni wọ́n sì ti ń ṣe wọ́n, tó fi jẹ́ pé ilé mìíràn wà tí eré náà ló ń sọ fún wọn pé àkókò ti tó láti jáde. Ohun tó wú mi lórí ni pé obìnrin tí wọ́n fi ìgbésí ayé Setsu dá ni wọ́n fi ṣe olórí ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjèjì tó kọ̀wé ni a ń rí. Ẹni tó mú ìgbálẹ̀ wọlé tó sì sọ ìtàn kò hàn. Mo bi ara mi pé kí ló mú kí ìlú kan tọ́jú ilé olùkọ́ tí kò lò ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ láàárín wọn. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ àwọn ọmọ náà ti bá wọn wọlẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ Setsu àti lọ́wọ́ ìlú náà, ó sì ṣe é tọkàntọkàn: ó tọ́jú ìtàn wọn nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń sáré lé ọ̀nà Òyìnbó. Lónìí, àwọn ọmọ Jàpáànù ń pàdé Hōichi aláìlétí àti obìnrin òjò dídì láti inú ìwé tí àjèjì kọ.

Ìyìn kì í wọ́n àjèjì ní Jàpáànù. Fi igi méjì jẹun, wọ́n á yìn ọ́. Kí wọn káàárọ̀ ní èdè wọn, wọ́n á yìn ọ́. Inú rere ni, n kò sì ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ń yí lu ọdún tí ìyìn kan náà ṣì ń bọ̀, ènìyàn á mọ̀ pé orí àga àlejò ni wọ́n ṣì fi òun sí. Amóhùnmáwòrán wọn náà ní àga bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi bá gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, Bobby Ologun ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó di gbajúmọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 nítorí ọ̀nà tó ń gbà sọ èdè wọn, tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń dùn láti gbọ́ orúkọ ọmọ ìlú mi lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Shimane. Ọkùnrin náà fi làákàyè àti ìgboyà jẹun nílẹ̀ onílẹ̀. Ìbéèrè mi kò kàn án. Àwọn tó ń wò ó ni mò ń bi, àti gbogbo wa tí a ń wo àjèjì níbikíbi: lẹ́yìn tí a bá rẹ́rìn-ín tán, ṣé a tún lè fa iṣẹ́ lé ẹni náà lọ́wọ́?

Jero, olórin kan, rí ẹni fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1981, aláwọ̀ dúdú ni, ìyá rẹ̀ àgbà sì jẹ́ ọmọ Jàpáànù. Lẹ́nu ìyá àgbà yẹn ló ti kọ́ enka, orin àwọn àgbàlagbà, orin ìpínyà àti òkun àti òjò dídì. Nígbà tó dé Jàpáànù ní 2003, ó kọ́kọ́ kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bíi tèmi kó tó lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 2008 ni orin rẹ̀ àkọ́kọ́, Umiyuki, jáde, ní ọdún náà ló sì kọrin lórí Kōhaku, ètò orin ìparí ọdún NHK tó ti wà láti 1951. Fìlà àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ló wọ̀, ṣùgbọ́n ó yí ohùn náà bí àwọn àgbà ṣe ń yí i, àwọn ìyá àgbà sì ń sunkún. Ó gba iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn ṣe, kò sì bọ́ aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ Chihiro kò sọnù lọ́wọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló ń na ìgbálẹ̀ síni. Hachimura Rui, eléré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe àlejò. Ọmọ ìpínlẹ̀ Toyama ni, wọ́n bí i ní 1998, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jàpáànù, bàbá rẹ̀ wá láti Orílẹ̀-èdè Benin, aládùúgbò wa. Ó wọ NBA ní 2019. Ní oṣù keje 2021, òun àti Susaki Yui, obìnrin oníjàkadì, ló gbé àsíá Jàpáànù wọ pápá ní ìbẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì Tokyo. Ní ọdún kan náà, òun àti àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ síta pé àwọn kan ń kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ránṣẹ́ sí àwọn nítorí awọ ara wọn. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ mi fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, mo sì gbà gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni àtúnṣe yóò ti wá, nítorí ibi eré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ibi ìwò.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdọọdún, ìwé ìròyìn àgbègbè máa ń tẹ orúkọ àwọn olùkọ́ tí ìjọba gbé kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kì í pẹ́ lọ títí lójú kan. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá ń lọ, igbákejì ń lọ, olùkọ́ ìṣirò tó ń gbé garawa ń lọ. Àwọn ọmọ náà ń jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní oṣù kẹrin, àwọn mìíràn á dé, wọ́n á ka orúkọ wọn lára ògiri, wọ́n á sì mọ àtẹ̀gùn tó kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ló tú ìmọ̀ mi ká, tó sì tún un tò. Mo ti ń rò ó pé onílé ló ní ìgbálẹ̀, tó wá ṣe mí lóore pé kí n bá a mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní in nínú gbogbo wa. Ilé ni a jọ ń tọ́jú fún àwọn tó ń bọ̀, ìtọ́jú yẹn ló sì ń sọ wá di ará ilé fún iye ọjọ́ tí a bá lò níbẹ̀.

Nítorí náà, ilé ni ọkàn mi padà sí. Láti 1916 ni wọ́n ti tẹ àdúgbò Ṣábó dó n'Ìbàdàn fún àwọn Hausa. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí bàbá bàbá wọn kò mọ ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń sọ Yorùbá Ìbàdàn ju èmi lọ, a ṣì ń pè wọ́n ní àlejò. A ń kí wọn dáadáa, a ń bá wọn ná ọjà, a ń jẹ ẹran wọn. Kí la ti fà lé wọn lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìlú? Ìgbìmọ̀ wo la pè wọ́n sí, àṣìṣe wo la ti bá wọn wí gẹ́gẹ́ bí ọmọ? Mo ti jẹ àǹfààní ìlú tó kọ orúkọ mi sára ògiri láìka ọdún tí mo fẹ́ lò sí. Ó yẹ kí n lè béèrè lọ́wọ́ ìlú tó bí mi pé kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí n sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò na ìgbálẹ̀ náà sí wọn.